Ibi Tí Omi Ń Gbà

Ihò ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí a gbẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo wọ yunifásítì láti kọ́ jọ́gíráfì ni, a ò tíì mọ orúkọ ara wa tán. Olùkọ́ wa kó wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè kan, ó pín ṣọ́bìrì fún wa, ó ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi mù wá dé ìbàdí. Mo rò pé a fẹ́ wá nǹkan kan nínú ilẹ̀ ni. Àṣé ilẹ̀ náà gan-an la wá wò.

Nígbà tí a gbẹ́ ẹ tán, ó fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ ihò náà kó lè hàn dáadáa, ó wá ní kí oníkálukú sọ ohun tó rí. Òkè dúdú, nítorí ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà síbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ kò dúdú tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni òjò ti fọ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rá ilẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá pupa fòò, amọ̀ ló sì kún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òkè yẹn kan náà, kò ju nǹkan bí igba mítà lọ, ó ní kí a tún gbẹ́ òmíràn. Kò sí pupa níbẹ̀ rárá. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí bí eérú, ó ń rùn díẹ̀, omi sì ń sun láti ẹ̀gbẹ́ ihò. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí ibi méjèèjì. Àpáta kan náà ló wà lábẹ́ méjèèjì. Ó wò wá yíká, ó ní, "Kí ló dé tó fi rí báyìí níbí, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún?"

Gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, ìbéèrè yẹn ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi.

Omi ni ìdáhùn ti ọjọ́ náà. Òjò tó rọ̀ sórí òkè kì í jókòó síbẹ̀. Ó ń rìn nínú ilẹ̀, ó ń fọ nǹkan lókè, ó ń kó wọn bọ̀ nísàlẹ̀. Lókè tí afẹ́fẹ́ ti ń ráyè wọlé, irin tó wà nínú ilẹ̀ á dógùn-ún, ilẹ̀ á sì pupa. Nísàlẹ̀ tí omi ti gba gbogbo àlàfo tí afẹ́fẹ́ ì bá gbà, irin ò rí ohun tí yóò fi dógùn-ún, ilẹ̀ á wá rí bí eérú. Geoffrey Milne, onímọ̀ ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ló fún irú ìtò bẹ́ẹ̀ lórúkọ ní nǹkan bí ọdún 1935. Ó pè é ní catena, ìyẹn ẹ̀wọ̀n ní èdè Látìn. Ilẹ̀ orí òkè, ti ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ẹsẹ̀ òkè so kọ́ra. O ò lè mọ ọ̀kan dájú bí o ò bá mọ èyí tó wà lókè rẹ̀. Mo padà sí yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo sì fa fọ́ọ̀mù tí mo ti gbà láti fi yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ padà ya.

Mo ní ìdí tí mo fi gba fọ́ọ̀mù náà. Jọ́gíráfì kọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo bá níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá sì gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ ló máa ń bi mí ní olú ìlú orílẹ̀-èdè kan. Bí mo bá gbà á, wọ́n á yìn mí. Bí mi ò bá gbà á, wọ́n á wò mí bíi pé mo ti fi ọjọ́ orí mi ṣòfò. Ó máa ń dùn mí. Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ìlú tó wà láyé kò tíì bẹ̀rẹ̀ jọ́gíráfì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ orúkọ gbogbo oògùn kò ṣe tíì di dókítà.

Èyí tó tún ká mi lára ju ìyẹn lọ ni ti àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ẹ̀ka mìíràn. Wọ́n ní jọ́gíráfì kò ní oko tirẹ̀, oko olóko ló ń ro. Lọ́jọ́ Ajé, a ó kọ́ nípa afẹ́fẹ́ àti bí òjò ṣe ń rọ̀; lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìdí tí ìlú fi ń hù síbi tó hù sí; lọ́jọ́rú, ìbí, ikú àti ìṣíkiri ènìyàn; lọ́jọ́bọ̀, ìṣirò. Onífísíìsì mọ afẹ́fẹ́ jù wá lọ, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mọ ọjà jù wá lọ, òpìtàn mọ àná jù wá lọ. Kí ló wá kù fún wa? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọ iléèwé nìkan. Yunifásítì Harvard ti ẹ̀ka jọ́gíráfì rẹ̀ pa ní ọdún 1948, àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rù bà mí.

Alexander von Humboldt ló dá mi lóhùn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì tó ti kú ní ọdún 1859. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1802, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè Chimborazo ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ecuador lónìí. Wọn ò dé ṣóńṣó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè ni Humboldt ń kọ ewéko tó rí sílẹ̀, ó ń wọn bí ibẹ̀ ṣe tutù tó, ó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó. Nígbà tó yá, ó ya àwòrán òkè náà, ó sì kọ orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan sí ibi gíga tó ti ń hù lára òkè. Onímọ̀ ewéko mọ àwọn ewéko náà. Onífísíìsì mọ afẹ́fẹ́ náà. Ohun tó wà nínú àwòrán yẹn kò sí lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn, ìyẹn ni pé ẹni tó ń gun òkè láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí, ńṣe ló dà bíi pé ó ń rìn láti agbedeméjì ayé lọ sí ibi yìnyín ní òpin ayé, tí ewéko sì ń yí padà ní ìtẹ̀léra kan náà. Àárín ẹ̀ka ìmọ̀ kan sí èkejì ni Humboldt ti rí i. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní oko wa, àárín ni mo máa ń fi hàn án.

Kí n sọ̀rọ̀ máàpù, nítorí ibẹ̀ ni ojú mi ti là jù. Ní ọdún kejì, olùkọ́ kan ní kí a fi pépà ya ìlà Greenland láti ara máàpù Mercator, kí a gé e, kí a gbé e lé Áfíríkà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Ó wá ní kí a lọ wo ìwọ̀n wọn nínú ìwé. Áfíríkà lé ní 30 mílíọ̀nù kìlómítà níbùú lóròó. Greenland kò ju mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Ìlọ́po 14 ni. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Ara ògiri kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń wo máàpù yẹn láti kékeré.

Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa, wọ́n ní irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún wa. Olùkọ́ náà ò jẹ́ kí a dúró síbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí Gerardus Mercator ṣe é ní ọdún 1569, àwọn atukọ̀ ló ṣe é fún. Bí atukọ̀ bá fa ìlà tààrà láti èbúté kan sí òmíràn lórí rẹ̀, ìlà náà á sọ fún un ìhà tí yóò máa kọjú sí lórí kọ́ńpáàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìrìn àjò. Kí ìyẹn tó lè ṣeé ṣe, ó di dandan kí ó máa fẹ ilẹ̀ sí i bó bá ṣe ń jìnnà sí agbedeméjì ayé. Ayé rí rìbìtì, pépà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun kan gbọ́dọ̀ bàjẹ́ níbẹ̀, ìrísí tàbí ìwọ̀n, ìjìnnà tàbí ìhà. Ẹni tó ya máàpù ló ń yan èyí tí yóò yọ̀ǹda. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé irinṣẹ́ atukọ̀ kọ́ ara ògiri àwọn ọmọdé tí kò ní ọkọ̀ ojú omi kankan láti tù. Ó tún fi máàpù al-Idrisi, onímọ̀ jọ́gíráfì ayé àtijọ́, hàn wá, èyí tó ṣe fún Ọba Roger Kejì ti Sicily ní ọdún 1154. Gúúsù ló wà lókè níbẹ̀. Mo yí orí mi síhìn-ín sọ́hùn-ún títí mo fi mọ̀ pé kò sí ohun tó dojú dé nínú rẹ̀.

Ìṣirò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sá fún un wá síbẹ̀, ó sì ti dè wá lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ jọ́gíráfì, kó fi èyí sọ́kàn. Mo jìyà lórí rẹ̀ fún odidi sáà kan, títí mo fi ka gbólóhùn kan tí Waldo Tobler, onímọ̀ jọ́gíráfì, kọ ní ọdún 1970, pé gbogbo nǹkan ló bá gbogbo nǹkan tan, ṣùgbọ́n èyí tó wà nítòsí ara wọn tan ju èyí tó jìnnà lọ. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n ìṣirò tí a ń kọ́ ló gbà pé ohun tí o kà níbí kò nípa lórí èyí tí o kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí ilẹ̀, irọ́ ni. Bí òjò bá rọ̀ níbí, ó ṣeé ṣe kó rọ̀ ní òpópónà kejì. A tún kọ́ pé bí o bá ka àwọn ènìyàn kan náà, tí o kàn yí ààlà tí o fi pín wọn padà, ìdáhùn rẹ lè yí padà pátápátá. Àwọn olóṣèlú ti mọ èyí tipẹ́. Ní ọdún 1812, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n ya ààlà ẹkùn ìdìbò kan lábẹ́ gómìnà Elbridge Gerry tó lọ́ bí ẹranko afàyàfà, orúkọ gómìnà náà ni wọ́n sì fi ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Wọ́n ka ìbò kan náà ní òótọ́, síbẹ̀ ìlà ti yan ẹni tó borí.

Gbogbo ìwé jọ́gíráfì ló ń sọ ìtàn dókítà John Snow àti àrùn onígbáméjì tó pa ènìyàn tó lé ní 600 ní agbègbè Soho, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1854. Ó fi ilé àwọn tó kú sórí máàpù, wọ́n sì kóra jọ yí ẹ̀rọ omi kan ká ní òpópónà Broad Street. Ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ ọ́ ju bó ti yẹ lọ. Snow ti fura sí omi kó tó ya máàpù. Àwọn tí kò bá àwòrán mu ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọtí kan wà nítòsí ẹ̀rọ náà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Ọtí ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn. Opó kan kú ní Hampstead, níbi tó jìnnà réré. Wọ́n bi àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ràn omi ẹ̀rọ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ránṣẹ́ bu ú. Bí máàpù bá fi ohun tó dá dúró hàn ọ́, o ní láti dìde, kí o lọ kan ilẹ̀kùn.

Ní ọdún kẹta, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ka àwòrán sátẹ́láìtì. Landsat àkọ́kọ́, sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé láti òkè, gòkè ní oṣù Keje ọdún 1972, àwọn tó tẹ̀lé e kò sì tíì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Wọ́n ní kí a to àwòrán Òkun Aral, adágún ńlá kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, tẹ̀ léra wọn láti ọdún dé ọdún. Ní ọdún 1960, òun ló tóbi ṣìkẹrin nínú àwọn adágún ayé. Ìjọba Soviet darí omi odò Amu Darya àti Syr Darya sí oko òwú, àwọn odò méjèèjì sì ni wọ́n ń bọ́ adágún náà. Mo ń tẹ bọ́tìnnì, adágún ń sún sẹ́yìn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó pín sí méjì. Kí ọdún 2007 tó parí, ó kù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré. Àwọn ọkọ̀ apẹja jókòó sórí iyanrìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ìsàlẹ̀ adágún tó gbẹ di eruku, iyọ̀ àti oògùn apakòkòrò wà nínú eruku náà, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ bá àwọn tó ṣì ń gbé ibẹ̀. Lápá àríwá, Kazakhstan kọ́ ìsédò Kokaral parí ní ọdún 2005, omi ibẹ̀ sì gòkè padà, ẹja padà dé. Mo sunkún díẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tijú láti kọ ọ́. Ẹ̀ka wo ni ẹ fẹ́ fi ìtàn yìí sí? Ti omi ni, ti òwú ni, ti ìṣèlú ni, ti àìsàn ni.

Mo wá dé orí iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo yan àdúgbò kan tí omíyalé máa ń dà láàmú, mo fẹ́ ya máàpù ilé tó wà nínú ewu. Mo fi oṣù méjì jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi rédà gbà láti inú Endeavour, ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, ní oṣù Kejì ọdún 2000 ni mo lò. Ọjọ́ 11 ni wọ́n fi wọn èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ayé, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnikẹ́ni. Nínú rẹ̀, ilẹ̀ pín sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 30 mítà. Mo da omi lé e lórí nínú kọ̀ǹpútà, ó ṣàn láti inú odò, ó bo àwọn ilé tó wà létí rẹ̀. Mo kùn ún ní àwọ̀ búlúù. Ó lẹ́wà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mú un lọ sí àdúgbò náà kí n lè béèrè ìbéèrè díẹ̀ tí màá fi parí orí kẹrin.

Ìyá àgbà kan jókòó síwájú ilé rẹ̀. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé ara mi, mo tẹ́ máàpù náà síwájú wọn. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ọmọ mi, omi kì í gba ibẹ̀ wá."

"Ibo ló ń gbà, mà?"

Wọ́n nawọ́ sẹ́yìn, síhà títì, síbi tó ga ju ilé wọn lọ. Mo fẹ́ sọ pé kò ṣeé ṣe. Mo dúpẹ́ pé mi ò sọ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n mú mi lọ wò ó. Wọ́n ti gbé títì gba orí odò náà kọjá lókè, ihò tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kí omi máa gbà lábẹ́ títì kò fẹ̀ ju apá méjèèjì mi tí mo nà lọ. Bí òjò bá le, ìdọ̀tí á dí i, omi á gòkè, á gun orí títì, á wá sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe títì yẹn ni. Nínú onígun mẹ́rin tó jẹ́ 900 mítà níbùú lóròó, ta ni yóò rí ihò tó tó apá méjì? Rédà pàápàá, orí òrùlé àti orí igi ló wọ̀n ní àdúgbò yẹn, kì í ṣe ilẹ̀. Nígbà tí a padà, wọ́n fi ìlà ẹrẹ̀ mẹ́ta hàn mí lára ògiri yàrá wọn, ọ̀kan lókè èkejì, wọ́n sì mọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé. Mo wọ̀n wọ́n. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti kọ ìtàn omíyalé àdúgbò náà sílẹ̀ bí kò ṣe ibẹ̀.

Mo tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín, mo wọn gbogbo ojú omi tó wà lábẹ́ títì pẹ̀lú téèpù, mo tẹ̀ lé omi láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹ̀wọ̀n tí mo rí nínú ihò ní ọdún kìíní. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta sí i, mo sì fi sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ní ti iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, mi ò ní sọ púpọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi wà nílé iṣẹ́ ètò ìlú, ti ìmọ̀ ojú ọjọ́, ti adójútòfò, ti ìlera gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ níwèé, àwọn kan ń ya máàpù. Kò sí pátákó tí wọ́n kọ jọ́gíráfì sí níwájú ilé iṣẹ́ kankan, fúnra rẹ lo máa sọ ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà kọ́ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Kọ́ Python tàbí R díẹ̀, àwọn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Má sì pa ìrìn àjò kọ́ jáde kan jẹ, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó lọ́jọ́ náà.

Kí n tó kúrò nílùú náà, mo mú máàpù tuntun padà lọ fún ìyá àgbà. Wọ́n wá ilé wọn, wọ́n rí i, wọ́n fi ìka lé e. Wọ́n gbé ìka náà lọ sí ihò abẹ́ títì, wọ́n fà á gba orí títì, wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń mi orí. Ìka náà ń lọ títí ó fi dé etí pépà.

"Lẹ́yìn ibí," wọ́n ní, "ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?"

Ibẹ̀ ni mo gé máàpù náà sí. Mo mú téèpù mi, a jọ jáde.